Orúkọ Tí Àwọn Gíríìkì àti Àwọn Gẹ̀ẹ́sì Fún Oníṣẹ́ Ọwọ́

Ẹ̀yin ará, àwọn baba wa a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Bí a bá sì fẹ́ mọ bí ilé kan ti rí, ó yẹ kí a fetí sí orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn tí ń bẹ nínú rẹ̀. Àwa fẹ́ yẹ orúkọ tí orílẹ̀-èdè méjì, àwọn Gíríìkì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, fún ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ àti fún àwọn tí ń ṣe é wò. Èdè Gíríìkì ni a fi kọ Májẹ̀mú Titun. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa sì fi kọ́ ìwé. A ó rí i pé iṣẹ́ kan náà lè ní ọlá ní ayé àwọn baba, kí ó sì di ẹ̀gàn ní ayé àwọn ọmọ, láìjẹ́ pé ohunkóhun yípadà nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Níti àwọn Gíríìkì, “sophia” ni wọ́n ń pe ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n nínú ewì ńlá méjèèjì tí a mọ̀ mọ́ orúkọ Homer, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà farahàn, èyíinì ni nínú ìwé kẹẹ̀ẹ́dógún Iliad. Kì í ṣe ọba ni a lò ó fún, kì í sì ṣe àgbà ìgbìmọ̀, bí kò ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà tí ń fi okùn ìwọ̀n mú igi ọkọ̀ ojú omi tọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà yìí ni wọ́n ń pè ní “tekton”, ìmọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n sì ń pè ní “techne”. Láti inú gbòǹgbò kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti hù. Pẹ̀lúpẹ̀lù, nínú ìwé kẹtàdínlógún Odyssey, a ka aríran, oníṣègùn, gbẹ́nàgbẹ́nà àti akọrin pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kan náà, a sì pè wọ́n ní “demioergoi”, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe àwọn tí ń ṣiṣẹ́ fún ará ìlú. Irú àwọn àlejò wọ̀nyí ni ènìyàn ń pè wá láti ilẹ̀ òkèèrè.

Ṣùgbọ́n ayé yí. Nígbà tí ó fi di ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Olúwa wa, orúkọ mìíràn ti gbilẹ̀ fún oníṣẹ́ ọwọ́, èyíinì ni “banausos”, orúkọ ẹ̀gàn. Aristotle kọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ lórí ìṣèlú pé ìlú tí ó dára jù lọ kì yóò ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ìlú. Òun tìkára rẹ̀ sì jẹ́ kí a rí ìdí rẹ̀, nítorí ó wí pé láyé àtijọ́, ní ìlú mìíràn, ẹrú tàbí àlejò ni àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí. Ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ ni a kọ́kọ́ kẹ́gàn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gàn náà ran iṣẹ́. Ó lé ní irínwó ọdún lẹ́yìn èyí tí Plutarch fi kọ̀wé pé kò sí ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọlọ́lá kan tí yóò wo ère Zeus ní Olympia, kí ó sì fẹ́ jẹ́ Pheidias tí ó ṣe é. Wọ́n yin iṣẹ́, wọ́n sì kẹ́gàn oníṣẹ́.

Ní ayé bẹ́ẹ̀ ni a kọ Ìwé Mímọ́ ní èdè Gíríìkì. Ní Alexandria, ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Olúwa, nígbà tí àwọn Júù túmọ̀ ìwé Ẹ́kísódù, “sophia” ni wọ́n lò fún ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fi sínú Bésálẹ́lì, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ọnà àgọ́ àjọ. Pọ́ọ̀lù, ẹni tí ó bá Ákúílà àti Prísílà pa àgọ́ ní Kọ́ríńtì, kọ̀wé sí àwọn ará ìlú náà pé òun dà bí “architekton” tí ó ní “sophia”, èyíinì ni ọlọ́gbọ́n olórí àwọn ọ̀mọ̀lé. Ẹni tí ó kọ ìwé sí àwọn Hébérù kò sì tijú láti pe Ọlọ́run tìkára rẹ̀ ní “technites” àti “demiourgos”, ní orí kọkànlá, ẹsẹ kẹwàá. Nígbà tí àwọn ará Násárẹ́tì fẹ́ rẹ Olúwa wa sílẹ̀, orúkọ iṣẹ́ Rẹ̀ ni wọ́n mú bọ ẹnu. Wọ́n pè É ní “tekton”, Máàkù sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò fi pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá yà sí ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìtumọ̀ Ìhìnrere tí wọ́n ṣe sí èdè wọn àtijọ́ ní òpin ọ̀rúndún kẹwàá, “smith” ni wọ́n pe Olúwa wa, nítorí nígbà náà ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí ń fi igi ṣiṣẹ́ àti ẹni tí ń fi irin ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ náà ní ọdún 1066 ni ọ̀rọ̀ “carpenter” ti inú èdè Faransé wọlé, tí “smith” sì kù fún alágbẹ̀dẹ nìkan. “Craft” níbẹ̀rẹ̀ ń jẹ́ agbára. Lẹ́yìn náà ó di ìmọ̀ iṣẹ́. “Skill” wá láti èdè àwọn ará Àríwá tí ó tẹ̀dó sí ilẹ̀ náà. Òye láti mọ ìyàtọ̀ láàrín ohun kan àti èkejì ni ìtumọ̀ rẹ̀. “Cunning” sì ń jẹ́ ìmọ̀. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, ọ̀rọ̀ yìí ni a lò fún àwọn tí ó ṣe ọnà sí àgọ́ àjọ, àti fún ọgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún nínú Orin Dáfídì kẹtàdínlógóje. Ṣùgbọ́n lónìí, bí Gẹ̀ẹ́sì bá pe ènìyàn ní “crafty” tàbí “cunning”, alárékérekè ni ó ń pè é. Ọ̀rọ̀ tí ó ti jẹ́ iyì oníṣẹ́ ọwọ́ ti di orúkọ ẹlẹ́tàn.

Síbẹ̀, bí orúkọ ti lè sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ó lè gòkè. Ẹ wo “surgeon”, oníṣègùn tí ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Láti inú “cheir”, ọwọ́, àti “ergon”, iṣẹ́, ni àwọn Gíríìkì ti ṣe “cheirourgos”, láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí sì ti wá. Kò ju oníṣẹ́ ọwọ́ lọ. Ní ọdún 1540, ní ìjọba Henry Kẹjọ, a so wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn onígbàjámọ̀ ní ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ní Lọ́ńdọ́nù, ó sì di ọdún 1745 kí wọ́n tó pínyà. Ta ni kì yóò yọ̀ lónìí bí ọmọ rẹ̀ bá di ọ̀kan nínú wọn? Àwọn tí ń jẹ́ orúkọ náà ni ó gbé e ga nípa iṣẹ́ tí wọ́n ṣe.

Ní èdè tiwa, àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì fi “gbẹ́nàgbẹ́nà” dípò “tekton”. Àjàyí Crowther ni aṣáájú wọn. Nígbà tí a yọ ọ́ kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú tí a sì mú un dé Freetown ní ọdún 1822, ó kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní Bathurst ní Sierra Leone, lẹ́yìn náà ni ó kọ́ èdè Gíríìkì. Ọwọ́ tí ó ti di ayùn mú ni ó di kálàmù mú. Ẹ sì kíyèsí i pé ọnà wà nínú orúkọ náà: ẹni tí ń gbẹ́ ọnà ni, kì í ṣe ẹni tí ń la igi lásán.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, orúkọ rere ni èdè wa fún oníṣẹ́ ọwọ́. Àwọn ará Áténì kò sọ tiwọn nù ní ọjọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ nù, ní ọ̀rọ̀ tí bàbá ń sọ lójú ọmọ. Bí ọmọ wa kan bá wí fún wa pé ayùn tàbí òòlù ni òun fẹ́ dì mú, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ohun tí yóò kọ́kọ́ ti ẹnu wa jáde.