Àlàpà Inú Àwòrán: Ẹ̀kọ́ fún Òpìtàn láti Ilẹ̀ Ítálì

Bí òwe bí òwe ni à ń lu agídìgbo; ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn àwòrán ọlọ́dà kan tí ó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Ítálì láàrin ọdún 1600 sí 1800. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí wọn yóò rò pé iwájú ibi gidi kan ni ayàwòrán jókòó sí tí ó ń yà á. Yóò rí òpó òkúta gíga tí orí wọn ti ya lulẹ̀, ẹnu ọ̀nà ìṣẹ́gun tí koríko ti hù lé lórí, ère tí ó ti pàdánù apá, àti àwọn ènìyàn kéékèèké tí wọ́n jókòó sí abẹ́ àlàpà. Ṣùgbọ́n bí ó tilẹ̀ rin ilẹ̀ Ítálì já, kò ní rí ibẹ̀. Inú ọkàn ayàwòrán ni wọ́n ti kọ́ ilé náà, ibẹ̀ náà ni ó sì wó sí. Capriccio ni àwọn ará Ítálì ń pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni ohun tí ènìyàn ṣe bí ó ti wù ú. Èyí tí ó bá jẹ́ àwòrán ibi gidi, veduta ni wọ́n ń pè é.

Viviano Codazzi, ẹni tí ó kú ní ọdún 1670, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi iṣẹ́ yìí gba orúkọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jùlọ ní Róòmù lẹ́yìn náà ni Giovanni Paolo Panini. Ìlú Piacenza ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1691. Ó dé Róòmù ní ọdún 1711, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún 1765. Ó mọ bí a ti í ya ilé tí ojú yóò fi gbà pé èyí wà nítòsí, pé èyí sì wà lókèèrè. Ọgbọ́n yìí ni ó fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tí ìjọba Faransé dá sílẹ̀ ní Róòmù. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ńṣe ni ó ṣa àwọn ilé ìgbàanì tí gbogbo ayé mọ̀, tí ó sì tò wọ́n sí ojú kan. Pantheon àti Colosseum, tí ẹlẹ́sẹ̀ yóò rìn tó ogún ìṣẹ́jú kí ó tó ti ọ̀kan dé èkejì, lè di aládùúgbò lọ́wọ́ Panini. Àwọn ọmọ ọlọ́lá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ mìíràn, tí wọ́n wá sí Ítálì kí ojú wọn lè là, ni oníbàárà pàtàkì. Àwòrán kan ṣoṣo yóò bá wọn kó ohun púpọ̀ tí wọ́n rí dé ilé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan òpìtàn nìyí. Canaletto, ará Venice, ya àwòrán afárá Rialto gẹ́gẹ́ bí Palladio ti ṣètò rẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1570. Wọn kò kọ́ afárá náà rí. Antonio da Ponte ni ó kọ́ èyí tí ó wà níbẹ̀, láàrin ọdún 1588 sí 1591. Òpìtàn tí ó bá fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí láìṣe ìwádìí yóò kọ ìtàn afárá tí kò sí.

Ẹ̀tàn kan tún wà tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Bí ènìyàn bá wo àlàpà inú àwọn àwòrán wọ̀nyí, yóò dà bí ẹni pé òjò, oòrùn àti koríko ni ó wó ilé. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, bí ẹni pé ọjọ́ ogbó ni ó dé. Ìtàn Róòmù kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni ilẹ̀ mì tìtì ní ọdún 1349 tí apá kan Colosseum sì wó, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìlú ni ó kó òkúta rẹ̀ lọ fi kọ́ ààfin àti ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n sun ère àti òpó òkúta mábù nínú iná títí wọ́n fi di ẹfun ìmọlé. Ojúde ńlá tí àwọn àgbà ìlú ti ń gbìmọ̀ láyé àtijọ́ di pápá ìjẹko; Campo Vaccino, ìyẹn pápá màlúù, ni wọ́n ń pè é nígbà ayé Panini. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà.

Ọwọ́ ènìyàn kan náà ni ó sì ṣe àtúnṣe. Ní ọdún 1749, Póòpù Benedict XIV ya Colosseum sọ́tọ̀ ní ìrántí àwọn tí wọ́n kú nítorí ìgbàgbọ́. Nígbà tí ó fi di ọdún 1807, lábẹ́ Póòpù Pius VII, wọ́n ti mọ ògiri ńlá kan tì í kí ó má baà wó.

Èyí kò sọ àwòrán capriccio di ohun ìdanù. Bí kò tilẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí òtítọ́ nípa ibi tí ilé wà, ó jẹ́ ẹlẹ́rìí nípa ọkàn àwọn tí ó yà á àti àwọn tí ó rà á: wọ́n mọ̀ pé ìlú tí ó ti ṣe olórí ayé rí lè di ahoro. Nítorí náà, olùkọ́ ìtàn tí ó bá gbé irú àwòrán yìí síwájú ọmọ ilé-ìwé kò gbọdọ̀ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo pé, “Níbo nìyí?” Ó yẹ kí ó tún bi í pé, “Ta ni ó wó o?”