Bí A Ti Ṣe Kọ́ Láti Wo Ọpọlọ Ènìyàn Láìfọ́ Agbárí

Àwọn baba wa a máa wí pé, ẹni tí ó bá fi sùúrù pa èèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀. Òwe yìí bá ìtàn bí àwọn ọlọ́gbọ́n ti ṣe wá iṣẹ́ ọpọlọ rí mu gidigidi. Ẹlẹ́dàá fi ọpọlọ pamọ́ sínú agbárí, ó sì fi eegun líle yí i ká gẹ́gẹ́ bí a ti í mọ odi yí ìlú ká. Ẹni tí ó ń fẹ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ìlú olódi lè wó odi náà. Ó sì lè dúró lẹ́yìn odi, kí ó kan ìlẹ̀kùn, kí ó sì fetí sílẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì ni ọmọ aráyé ti tọ̀. Ó yẹ kí àwa tí ń kọ́ni, àti ẹ̀yin ọmọ tí a ń kọ́, mọ èyí tí ó sàn jù nínú wọn, kí a sì mọ ohun tí a fi rà á.

Fún ìgbà pípẹ́, òkú nìkan ni a lè bi léèrè. Ní ọdún 1861, Paul Broca, oníṣègùn ní ìlú Párísì, rí ọkùnrin kan tí kò lè sọ ju “tan” lọ, bí ó tilẹ̀ ń gbọ́ ohun tí a ń bá a sọ. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, Broca yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó sì rí ibi tí ó ti bàjẹ́, ní iwájú, ní apá òsì. Báyìí ni a ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ sísọ ní ibùjókòó tirẹ̀ nínú ọpọlọ. Ní ọdún 1870, Gustav Fritsch àti Eduard Hitzig ní ìlú Berlin ṣí agbárí ajá, wọ́n sì fi iná mànàmáná díẹ̀ kan ọpọlọ rẹ̀. Bí wọ́n bá kan ibì kan ní apá ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì a mì. Bí wọ́n bá kan apá òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún a mì.

Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi ṣe bẹ́ẹ̀ sí ènìyàn. Mary Rafferty jẹ́ ọmọbìnrin ilẹ̀ Ireland tí ń ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ ní ìlú Cincinnati ní Amẹ́ríkà. Jẹjẹrẹ ti jẹ awọ orí àti eegun agbárí rẹ̀ títí a fi ń rí ọpọlọ rẹ̀. Ní ọdún 1874, Roberts Bartholow, oníṣègùn àti olùkọ́ àwọn oníṣègùn, ti abẹ́rẹ́ bọ inú ọpọlọ náà, ó sì rán iná mànàmáná gbà á. Apá àti ẹsẹ̀ obìnrin náà gbọ̀n. Nígbà tí oníṣègùn náà fi kún agbára iná, ó sunkún, gìrì mú un, ó sì dákú. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó kú. Bartholow kọ̀wé pé obìnrin náà gbà kí a ṣe é. Ṣùgbọ́n òun kan náà ti kọ ọ́ pé òye rẹ̀ kò pé. Báwo ni ẹni tí òye rẹ̀ kò pé yóò ti ṣe gbà? Àwọn oníṣègùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá a wí, òun náà sì kọ ọ́ ní ọdún kan náà pé ó dun òun pé òun ti pa aláìsàn náà lára.

Ẹ wo ìwà ẹlòmíràn ní ìgbà náà. Angelo Mosso, ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìlú Turin ní Ítálì, rí àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Bertino, ẹni tí jàǹbá ti dá ihò sí lágbárí. Mosso kò ti abẹ́rẹ́ kankan bọ ihò náà. Ó gbé ohun èlò lé e láti òde, èyí tí ń kọ bí ọpọlọ ti ń lù sílẹ̀. Ní ọjọ́ kan, agogo ìjọ lù ní ọ̀sán gangan, ọpọlọ Bertino sì lù kíkan ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mosso bi í bí agogo náà bá rán an létí àdúrà rẹ̀. Ọpọlọ náà tún lù kíkan. Ó ní kí ó sọ iye tí 8 lọ́nà 12 jẹ́. Bákan náà ni ó rí. Ìwé Mosso lórí ìwádìí rẹ̀ jáde ní èdè Jámánì ní ọdún 1881. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé, nígbà tí ènìyàn bá ń ronú, ẹ̀jẹ̀ a máa sáré lọ sí ọpọlọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí omi ti ń lọ sí oko tí iṣẹ́ wà.

Ìbéèrè méjì ni ó kù. Bí agbárí kò bá ní ihò, báwo ni a ó ti ṣe fi ọwọ́ kan ọpọlọ? Báwo ni a ó sì ti ṣe rí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀?

Òòfà ni ó dáhùn ti ìṣáájú. Ní ọdún 1831, Michael Faraday ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé bí agbára òòfà bá ń yí padà lẹ́bàá wáyà, iná mànàmáná a dìde nínú wáyà náà, bí ohunkóhun kò tilẹ̀ kàn án. Ní ọdún 1910, Silvanus Thompson ti orí ara rẹ̀ bọ àárín wáyà ńlá tí a ká róbótó, ó sì rí ìmọ́lẹ̀ tí ń ṣẹ́jú. Ojú rẹ̀ ni agbára náà mì, kì í ṣe ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti ń là. Ní ọdún 1980, Merton àti Morton rán iná mànàmáná gba awọ orí kọjá, ọwọ́ ẹni tí wọ́n dán an wò lára sì mì, ṣùgbọ́n ó dunni púpọ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1985, Anthony Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Sheffield gbé wáyà tí a ká róbótó lé orí ènìyàn, wọ́n sì rán iná líle gbà á ní ìṣẹ́jú akàn. Agbára òòfà la awọ àti eegun kọjá bí ẹni pé wọn kò sí níbẹ̀. Ó jí iná kékeré dìde nínú ọpọlọ, ìka ọwọ́ sì mì. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ọgbẹ́, ìrora kò sì tó nǹkan.

Ìmọ́lẹ̀ ni ó dáhùn ìbéèrè kejì. Ní ọdún 1800, William Herschel fi gíláàsì onígun mẹ́ta pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ rẹ̀ gbogbo. Nígbà tí ó gbé ohun èlò tí a fi ń wọn ooru sí ìkọjá àwọ̀ pupa, níbi tí ojú kò rí nǹkan kan, ó bá ooru níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí a kò lè rí ni. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ bo tọ́ọ̀ṣì ní òru mọ̀ pé pupa nìkan ni ń la ẹran ara kọjá. Èyí tí ó wà ní ìkọjá pupa tilẹ̀ ń wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1977, Frans Jöbsis ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ó ń la agbárí kọjá. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ru ọ́síjìn àti èyí tí ó ti sọ tirẹ̀ kalẹ̀ kì í mu ìmọ́lẹ̀ yìí bákan náà. Nítorí náà, bí a bá tan ín sí orí, tí a sì ka èyí tí ó padà jáde ní nǹkan bí sẹ̀ntímítà 3 sí ibẹ̀, a ó mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń sáré lọ. Ní ọdún 1993, ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi í wo ọpọlọ àgbàlagbà nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tí Mosso rí láti ẹnu ihò, a ti ń rí i láti orí tí ó pé.

Lónìí a lè lo méjèèjì pọ̀: òòfà a kan ìlẹ̀kùn, ìmọ́lẹ̀ a sì gbọ́ ìdáhùn, nítorí agbára òòfà kì í da ìmọ́lẹ̀ rú. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé wọ́n ti rí gbogbo rẹ̀. Kò sí èyí tí ó ń wọlé jìnnà nínú wọn. Etí ọpọlọ ni wọ́n mọ. Òòfà náà lè fa gìrì nígbà mìíràn, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀; nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe pàdé ní ọdún 1996 láti fi ìlànà ìṣọ́ra lélẹ̀, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1998. Ní ọdún 2008, ìjọba Amẹ́ríkà gbà kí a fi òòfà tọ́jú àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dè mọ́lẹ̀ tí oògùn kò ràn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú. Ní abúlé Keneba ní ilẹ̀ Gámbíà, àwọn ìkókó jókòó lórí ẹsẹ̀ ìyá wọn pẹ̀lú fìlà onímọ̀ọ́lẹ̀ lórí, a sì ń wò bí ọpọlọ wọn ti ń gba ohùn ènìyàn. Ìròyìn iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 2014. Síbẹ̀, irun dúdú tí ó kún, tí ó sì ká, a máa dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́, awọ dúdú a sì máa mu nínú rẹ̀. Bí olùwádìí bá tìtorí èyí yọ irú orí bẹ́ẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀, ọpọlọ àwọn kan ni yóò mọ̀, tí yóò sì máa pè é ní ọpọlọ gbogbo ènìyàn. Èyí tí ó tọ́ ni kí ó fi sùúrù ya irun náà, kí ó sì tún ohun èlò rẹ̀ ṣe.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bartholow ní ìmọ̀, ó sì ní ìgboyà, ṣùgbọ́n kò bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí ó fi ikú ìránṣẹ́bìnrin kan wá, òòfà tí kò dá egbò sí ẹnikẹ́ni lára ti fi hàn wá. Ẹ̀yin ọmọ tí yóò di oníṣègùn àti olùwádìí lọ́la, ẹ rántí orúkọ Mary Rafferty gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń rántí orúkọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n.