Ààrò Tí Kò Ní Èéfín: Ìtàn Sítóòfù Oníná Mànàmáná àti Àtúnṣe Rẹ̀, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Kpakungu, Minna

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọ ipasẹ̀ ìtàn sítóòfù oníná mànàmáná láti ilẹ̀ òkèèrè títí dé yàrá ìdáná wa, ó sì fi Kpakungu ní Minna ṣe àpẹẹrẹ. Èrò tí a gbé kalẹ̀ ni pé a gba ẹ̀rọ náà láì gba ìmọ̀ ìtọ́jú rẹ̀. Àwọn atúnǹkanṣe ẹ̀bá títì ni wọ́n fi ojú àti ọwọ́ wá ìmọ̀ náà rí. Ìmọ̀ wọn ní ibi tí ó jinlẹ̀, ó sì ní ibi tí ó léwu. A dábàá pé kí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ gbà á wọlé, kí wọ́n tún ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó ṣe, kí wọ́n sì fi èdè abínibí kọ́ ọ.

1. Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Sítóòfù oníná mànàmáná, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní hot plate, náà ní ààrò mẹ́ta tirẹ̀: iná tí ó péye, ẹ̀rọ tí ó dára, àti ẹni tí ó mọ ìtọ́jú rẹ̀. A máa ń ráhùn nípa iná, a sì máa ń náwó sórí ẹ̀rọ. Ààrò kẹta ni a kì í sábà bèèrè.

Ojú ọ̀nà tí ó ti Minna lọ sí Bida ni Kpakungu wà. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni, ṣùgbọ́n Nupe, Hausa, Yorùbá àti Igbo ń bá wọn gbé ibẹ̀. Ojú ọ̀nà yìí kan náà ni ọgbà ńlá Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, wà ní Gidan Kwano; nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gba yàrá ẹyọ kan ní Kpakungu pọ̀. Nínú agbo ilé kan ṣoṣo, èèyàn lè rí igi ìdáná, èédú, gáàsì àti sítóòfù oníná. Obìnrin Gbagyi tí ó ru igi sí èjìká rẹ̀ lè máa kọjá lẹ́yìn fèrèsé tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi iná mànàmáná se ìrẹsì. Àyè bẹ́ẹ̀ dára fún ẹni tí ó fẹ́ mọ bí ohun ìdáná ṣe ń rọ́pò ara wọn láì lé ara wọn lọ.

2. Wáyà tí kì í tètè jó

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìtàn sítóòfù yìí ti jẹ́ ìtàn àtúnṣe. Ní ọdún 1892, Thomas Ahearn fi iná mànàmáná se odidi oúnjẹ fún àwọn àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì Windsor ní ìlú Ottawa, ní Kánádà. Ní ọdún kejì, wọ́n fi yàrá ìdáná oníná han ayé níbi ìpàtẹ ńlá ti Chicago ní Amẹ́ríkà. Ẹnu ya àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n wọn kò tètè rà á. Iná wọ́n, ilé tí ó ní i kò pọ̀, wáyà tí ń mú ooru jáde kì í sì í tọ́jọ́: bí ó bá ti pọ́n bí ẹyin iná, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ títí yóò fi já.

Albert Marsh ni ó rí ojútùú. Ní ọdún 1906, ó gba ìwé-àṣẹ lórí wáyà tí a fi nickel àti chromium pò pọ̀. Bí wáyà yìí bá gbóná, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan máa ń bo ara rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jẹ inú rẹ̀. Irú wáyà yìí ni kóìlì tí a ń rí nínú sítóòfù wa títí dòní.

3. Iná dé, iná lọ

Ní Nàìjíríà, ọdún 1896 ni ẹ̀rọ amúnáwá kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Èkó. Wọ́n dá ECN sílẹ̀ ní ọdún 1950. Ní 1972, wọ́n da òun àti àjọ tí ń mójú tó ìdídò pọ̀ di NEPA. Ó di PHCN ní 2005, wọ́n sì fa púpọ̀ nínú rẹ̀ lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ ní 2013. Orúkọ yí padà títí, ṣùgbọ́n “iná NEPA” ni gbogbo wa ṣì ń pè é.

Ìpínlẹ̀ Niger kó ipa tí ó pọ̀ nínú ìtàn yìí. Ìdídò Kainji bẹ̀rẹ̀ sí í mú iná wá ní ọdún 1968, lẹ́yìn tí Bussa àtijọ́ ti rì sínú omi, tí wọ́n sì ti kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí New Bussa. Jebba, tí ó wà ní ààlà Niger àti Kwara, tẹ̀lé e ní 1985. Shiroro tẹ̀lé e ní 1990 pẹ̀lú agbára mẹgawáàtì 600. Zungeru, tí ó jẹ́ mẹgawáàtì 700, ni ó dé kẹ́yìn. Abájọ tí ìpínlẹ̀ náà fi ń pe ara rẹ̀ ní Power State. Yorùbá ní a kì í gbé ẹ̀bá odò kí a máa fi itọ́ bọ́jú, síbẹ̀ ará Kpakungu a máa dáná sun èédú nítorí pé iná ti lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún iná tí kì í lọ ni a ń lò lórí iná tí ń lọ tí ń bọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìtọ́jú ti di iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ wa.

4. Ohun tí a rí ní ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe

Nígbà tí mo gba yàrá ní Kpakungu, sítóòfù mi bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kí ó tó mú omi hó. Mo gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tún rédíò àti áyọ́ọ̀nù ṣe lẹ́bàá títì. Kò tilẹ̀ tú u. Ó kí mi tán, ó ní, “Bàbá, báwo ni gílóòbù yín ṣe ń tàn lálẹ́?” Mo ní ó ń tàn pupa rẹ́súrẹ́sú. Ó ki sítóòfù náà bọ jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, kóìlì sì pọ́n kíá. Ó ní, “Ẹ máa gbé e lọ, Bàbá. Háfù kọ́rẹ́ǹtì ló ń ṣe yín, kì í ṣe sítóòfù.” Kò gba kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì mu. Bí a bá ṣe sítóòfù fún fólítì 230 láti mú wáàtì 1,000 jáde, tí fólítì wá já sí 115, ooru rẹ̀ kò ní jẹ́ ìdajì; ìdá kan nínú mẹ́rin ni, ìyẹn nǹkan bí wáàtì 250. Ẹni tí kò mọ èyí á ra kóìlì tuntun lásán. Láti ìta wá sí inú ni àwọn atúnǹkanṣe tí ó gbóná ń yẹ̀ ẹ́ wò: wọ́n á wo iná ilé, wọ́n á wo sọ́kẹ́ẹ̀tì àti púlọ́ọ̀gì bóyá ẹnu rẹ̀ ti dúdú, wọ́n á wo wáyà níbi tí ó ti máa ń ká, kí wọ́n tó dé orí kóìlì. Púlọ́ọ̀gì tí kò fún dáadáa nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń gbóná, á sì yọ́. Ìmọ́tótó náà wà níbẹ̀: bí ọbẹ̀ bá dà sínú ihò kóìlì, kí a yọ púlọ́ọ̀gì, kí ó tutù pátápátá, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a. A kì í da omi sí i.

5. Ibi tí ewu wà

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ yin ìmọ̀ yìí ní àyìnjù. Bí kóìlì bá já, àṣà tí ó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n lọ́ ẹnu méjèèjì pọ̀. Ojú lílọ́ yẹn ni yóò máa gbóná jù, ibẹ̀ ni yóò sì tún já. Bí wọ́n bá sì gé èyí tí ó ti jó kúrò, kóìlì á kúrú. Bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ bá lọ, wáàtì 1,000 á di 1,250. Oníbàárà á máa yọ̀ pé ó gbóná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kò mọ̀ pé ọjọ́ ikú rẹ̀ ni ó ń sún mọ́, àti pé mítà òun náà ń sáré. Nígbà tí yúnìtì kan di náírà 225 fún àwọn tí ó wà ní Band A ní oṣù kẹrin ọdún 2024, èyí kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ewu kejì ni iná gbígbé èèyàn. Kóìlì tí ó yọrí sókè lè fara kan ìdí ìkòkò. Ẹni tí ó fi ṣíbí irin ro ọbẹ̀ nínú rẹ̀, iná lè gbé e. Níbi tí wọ́n ti gé wáyà ilẹ̀ kúrò nítorí pé “sítóòfù ń ṣiṣẹ́ láìsí i”, ara ẹ̀rọ náà lè di ẹlẹ́mìí ikú.

Ẹ̀kẹta ni ó burú jù, àìdúró iná ni ó sì bí i. Nínú agbo ilé tí mo gbé, iná lọ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ń se ìndómì. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó gbé àpò ìwé rẹ̀ lé orí sítóòfù, ó sì lọ sí kíláàsì. Kò pa súìṣì. Iná dé ní ọ̀sán. Èéfín ni a rí lábẹ́ ilẹ̀kùn. A fọ́ ilẹ̀kùn náà. Ọlọ́run yọ wá, ìwé àti bẹ́ẹ̀dì ni ó bá a lọ. Láti ọjọ́ náà ni onílé ti fi lélẹ̀ pé bí iná bá lọ, kí kálukú yọ púlọ́ọ̀gì kí ó tó jáde. Kò sí òfin yìí nínú ìwé pélébé tí ó bá sítóòfù wá láti òkèèrè, nítorí pé ẹni tí ó kọ ìwé náà kò ronú irú iná tiwa.

6. Ohun tí ó kan olùkọ́, àti ìgúnlẹ̀

Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982, ìjọba ra ẹ̀rọ fún ẹ̀kọ́ Introductory Technology. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, inú àpótí ni ẹ̀rọ wọ̀nyí jókòó sí títí wọ́n fi dípẹtà, nítorí pé kò sí iná, kò sì sí olùkọ́ tí ó mọ̀ wọ́n lò. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí sítóòfù nínú ilé ti ṣẹlẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà: a ra ẹ̀rọ, a kò ra ìtọ́jú.

Nítorí náà, a dábàá ohun mẹ́ta. Èkíní, kí ẹ̀ka Home Economics àti ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ jọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE ní àyẹ̀wò láti ìta wá sí inú, pẹ̀lú sítóòfù gidi lórí tábìlì. Èkejì, kí a pe àwọn atúnǹkanṣe wá sí kíláàsì. Kí wọ́n kọ́ wa ní ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀, kí àwa náà fi ìdí tí kóìlì lílọ́ àti wáyà ilẹ̀ gígé fi léwu hàn wọ́n. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀ka èdè kọ òfin ààbò kúkúrú ní Gbagyi, Nupe, Hausa àti Yorùbá. Èdè wa kò tòṣì níbẹ̀: “kóìlì já”, “iná gbé e”, “ẹnu wáyà ti jó” yé ẹni tí kò wọ ilé-ìwé rí.

Tí a bá fẹ́ mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ gbólóhùn kan tí ọmọ ilé-ìwé lè gbé lọ bá ìyá rẹ̀ nílé: bí wọ́n bá mú iná lọ, yọ púlọ́ọ̀gì.