Ta Ni Ó Ni Eré? Ìtàn Olóòtú Aládàádúró nínú Iṣẹ́ Amóhùnmáwòrán ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáárà

Olóòtú aládàádúró ni ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán kankan, tí ó ń fi owó ara rẹ̀ tàbí ti onígbọ̀wọ́ ṣe eré, tí ó sì ń wá ọ̀nà tí eré náà yóò gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹwòran. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹ̀bùn àti akitiyan nìkan ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò. Ìtàn fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè mẹ́ta ló ń pinnu ipò rẹ̀: ta ni ó ni ọ̀nà tí eré ń gbà dé ilé àwọn ènìyàn? Ta ni ó ń sanwó? Ọwọ́ ta ni ẹ̀tọ́ eré náà wà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé e jáde? Àpilẹ̀kọ yìí fi ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí wo ìtàn amóhùnmáwòrán ní ilẹ̀ Yorùbá láti 1959 títí di àkókò yìí.

Ìbẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ ní Ìbàdàn

Ìjà òṣèlú ni ó bí amóhùnmáwòrán ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1953, lẹ́yìn awuyewuye lórí ìgbà tí Nàìjíríà yóò gba òmìnira, Gómìnà John Macpherson lo rédíò ìjọba láti dá Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́bi. Awólọ́wọ̀ béèrè fún ààyè láti fèsì lórí rédíò kan náà, wọn kò fún un. Òfin ìpìlẹ̀ 1954 fún àwọn ẹkùn ní àṣẹ láti dá ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Overseas Rediffusion ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí WNTV ní Ìbàdàn.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ hàn níhìn-ín. Ẹni tí kò ní ọ̀nà tirẹ̀, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti lè wúlò tó, ẹlòmíràn ni yóò pinnu bóyá yóò sọ ọ́ tàbí kò ní sọ ọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí olóṣèlú ní 1953 ni ó padà di ìṣòro àwọn olóòtú eré.

Amóhùnmáwòrán gẹ́gẹ́ bí Agogo

Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀, àwọn tí eré wà lọ́wọ́ wọn ni àwọn ẹgbẹ́ òṣèré alárìnkiri. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, àwọn ẹgbẹ́ bíi ti Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ti Dúró Ládipọ̀, àti ti Oyin Adéjọbí tí ó ni Kóòtù Aṣípa, di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lórí amóhùnmáwòrán Ìbàdàn. Bí orúkọ náà kò tilẹ̀ tíì wọ́pọ̀ nígbà náà, olóòtú aládàádúró ni àwọn olórí ẹgbẹ́ wọ̀nyí jẹ́. Àwọn ni wọ́n kó òṣèré jọ, àwọn ni wọ́n ra aṣọ àti ọkọ̀, àwọn ni wọ́n sì pilẹ̀ ìtàn.

Kì í ṣe owó tí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ń san ni ó ń bọ́ wọn. Owó ìwọlé ní gbọ̀ngàn ni. Amóhùnmáwòrán dà bí agogo tí akéde ń lù fún wọn: bí àwọn ènìyàn bá ti rí wọn nínú ilé, wọn yóò tú jáde láti wá wo eré wọn nígbà tí ẹgbẹ́ bá dé ìlú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ilé-iṣẹ́ nílò eré, òṣèré nílò òkìkí.

Àléébù kan wà nínú àjọṣe yìí. Téèpù wọ́n, eré tí wọ́n sì ń ṣe lójú ẹsẹ̀ kò ní àdàkọ. Kódà èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ ni ó ń wà lọ́wọ́ rẹ̀. Púpọ̀ nínú eré ìgbà náà kò sí mọ́ lónìí, ohun tí ì bá sì jẹ́ ogún fún àwọn ọmọ òṣèré ti ṣègbé.

Láti Òṣèré sí Olùra Àsìkò

Òfin ìjọba ológun kẹrìnlélógún ti 1977 dá NTA sílẹ̀, ó sì fi gbogbo ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán orílẹ̀-èdè yìí sábẹ́ ìjọba àpapọ̀. WNTV pàápàá bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn òfin ìpìlẹ̀ 1979, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ tún dá tiwọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọba ni ọ̀nà ṣì wà.

Ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1986 sọ náírà di yẹpẹrẹ. Owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba ní fún eré dínkù, àìsí ààbò lóru sì lé àwọn òǹwòran kúrò ní gbọ̀ngàn. Nínú ipò yìí ni olóòtú òde òní ti yọjú. Lọlá Fani-Kayode gbé Mirror in the Sun jáde lórí NTA ní àárín àwọn ọdún 1980. Ripples ti Zeb Ejiro àti Checkmate ti Amaka Igwe tẹ̀lé e. Òfin 1992 tí ó dá àjọ NBC sílẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún ilé-iṣẹ́ aládàáni, ní 2001 sì ni Wálé Adénúgà bẹ̀rẹ̀ Super Story.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ gba àlàyé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Channel 4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982 gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ tí ń ra eré lọ́wọ́ àwọn olóòtú aládàádúró. Òfin 1990 sì pàṣẹ pé kí BBC àti ITV gba ìdá mẹ́rin ètò wọn tí òfin náà kàn lọ́wọ́ irú wọn. Ní Nàìjíríà, ìdàkejì ni ó wọ́pọ̀: olóòtú ni ó ń sanwó fún ilé-iṣẹ́. Yóò ra àsìkò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lọ́pọ̀ ìgbà fún ọ̀sẹ̀ 13, yóò wá ta ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn tí ń polówó ọjà. Bí onígbọ̀wọ́ bá pẹ́ kí ó tó sanwó, olóòtú ni yóò jẹ gbèsè. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó rọ́wọ́ mú fi máa ń jẹ́ oníṣòwò tó bí wọ́n ti jẹ́ oníṣẹ́ ọnà.

Fídíò, Sátẹ́láìtì àti Íntánẹ́ẹ̀tì

Àwọn kan wá ọ̀nà mìíràn. Túndé Kèlání, tí ó ti ṣe ayàwòrán ní WNTV, dá Mainframe sílẹ̀, ó sì gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde lórí fídíò ní 1993. Ọjà ni ó gbé e lọ tààrà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí náà ní olè tirẹ̀. Àwọn ajádàákọ ti fìyà jẹ Bàbá Sàlá ṣáájú: wọ́n da sinimá rẹ̀, Ọ̀run Móoru ti 1982, kọ sórí fídíò, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti 1988 àti èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 wà láti dáàbò bo oníṣẹ́, ṣùgbọ́n òfin kò wúlò fún ẹni tí kò ní ìwé àdéhùn lọ́wọ́.

Ní 2010, Africa Magic Yorùbá bẹ̀rẹ̀ lórí sátẹ́láìtì, ó sì di oníbàárà ńlá fún eré Yorùbá. Ní 2022, Netflix gbé Aníkúlápó jáde, iṣẹ́ Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adéyẹmí Afọláyan tí ó kópa nínú Àjàní Ògún ní 1976. Eré Yorùbá ti dé gbogbo ayé. Síbẹ̀, ní 2024, nígbà tí Amazon kéde pé òun yóò dáwọ́ ìnáwó lórí eré tuntun ní Áfíríkà dúró, ó tún hàn pé ẹni tí ó ni ọ̀nà lè pa á dé nígbàkígbà.

Ìgúnlẹ̀

Láti 1959, irinṣẹ́ ti yí padà, onílé ọ̀nà sì ti yí padà láti orí ìjọba ẹkùn dé orí ilé-iṣẹ́ òkè òkun. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí kò yí padà ni ti ẹni tí ó ni eré. Àwọn òṣèré ìgbà àkọ́kọ́ gba òkìkí, wọ́n sì fi téèpù sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ olóòtú òde òní ń gba owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì ń fi ẹ̀tọ́ sílẹ̀ títí láé. Igi gànràn-gànràn má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ó yẹ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ni ní eré oníṣe Yorùbá fi ẹ̀kọ́ nípa àdéhùn, ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ àti ìpamọ́ iṣẹ́ kún ẹ̀kọ́ ìṣeré. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eré yóò máa pọ̀ sí i, ogún yóò sì máa dínkù.