Ìbọn Àtijọ́ àti Ìbọn Tuntun ní Kírìjì

Ogun tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ bá ara wọn jà láti ọdún 1877 títí di 1893, ìró ìbọn ni a fi sọ ọ́ lórúkọ. Abájọ tí ó fi jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ agbo-ilé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, ìbọn kan wà lórí àjà tí wọn yóò nawọ́ sí pé, "Èyí dé Kírìjì." Mo ti rí tó mẹ́wàá irú rẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni n kò gbà pé ó débẹ̀.

Ní agbo-ilé kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, méjì ni wọ́n gbé kalẹ̀ níwájú mi. Èkíní jẹ́ ìbọn ṣakabùlà olókùúta, tí epo àti ẹ̀jẹ̀ ọdún Ògún ti gbẹ mọ́ lára. Bàbá tí ó jẹ́ olórí ilé ní òun ni baba ńlá àwọn gbé lọ sójú ogun. Èkejì, wọ́n ní ti òyìnbó ni, pé kò tíì pẹ́ nílé. Ọmọ-ọmọ Bàbá, tí ó jẹ́ ọdẹ, fẹ́ máa lo èkejì yìí. Irin pẹlẹbẹ tí ó wà lórí ọ̀pá rẹ̀, èyí tí a ń gbé dìde láti fi wo ọ̀kánkán ohun tí a fẹ́ ta, ti dá. Ọmọ náà bi mí léèrè irú èyí tí òun yóò béèrè lọ́jà, kí alágbẹ̀dẹ lè lu ihò méjì sára ọ̀pá ìbọn náà kí ó sì dè é mọ́ ọn.

N kò lè dá a lóhùn láìmọ ìbọn tí ó jẹ́. Òòlù kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wò, ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe sì ti ń wọlé. Nínú ìbọn olókùúta, òòlù náà gé òkúta lẹ́nu. Òkúta a gbá irin, iná a ta sínú ẹ̀tù. Ní nǹkan bí ọdún 1840 ni àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì fi èyí sílẹ̀, tí wọ́n mú fìlà bàbà kékeré tí òòlù ń lù. Síbẹ̀ láti ẹnu ni a ṣì ń kì í. Ní 1866 ni ìbọn Snider dé. Àwọn ògbólógbòó ìbọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é: wọ́n gé ẹ̀yìn ọ̀pá wọn, wọ́n fi ìdérí kan sí i tí ń ṣí sápá ọ̀tún, ibẹ̀ ni kátíríìjì ń gbà wọlé. Wọn kò yọ òòlù kúrò. Ẹni tí kò bá ṣí ìdérí náà wò yóò pè é ní ìbọn àkìlẹ́nu. Ti Martini-Henry, tí ó dé ní 1871, kò ṣòro: kò ní òòlù lóde rárá.

Mo fà á, ìdérí ṣí. Snider ni. Adé àti ọdún 1862 wà lára irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ti rọ ọ́ kí wọ́n tó gé ẹ̀yìn rẹ̀.

Irú ìbọn yìí ni àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ń gbé Èkó, tí àwọn kan nínú wọn ti oko ẹrú dé, ṣe ọ̀nà rẹ̀ dé ibùdó Ògèdèǹgbé. Ẹni tí ń kìbọn láti ẹnu ní láti da ẹ̀tù, kí ó fi ọ̀pá kì í, kí ó tó tún yìn ín. Oní-Snider ti yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó ṣetán. Àkìlẹ́nu ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ Ìbàdàn fún ìgbà pípẹ́. N kò sọ pé ìbọn nìkan ni ó dá wọn dúró, ṣùgbọ́n láìsí i, ta ni ìbá dá Ìbàdàn dúró nígbà náà?

Ti ìbọn olókùúta ńkọ́? Àwọn ọmọ-ogun òyìnbó fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n Birmingham àti Liège kò dẹ́kun rírọ ọ́ fún ọjà ilẹ̀ Áfíríkà títí di inú ọgọ́rùn-ún ọdún ogún. Wọ́n tilẹ̀ ń tẹ "Tower" sí i lára, bí ẹni pé ti ọba ni, kí ọjà lè tà. "Tower" wà lára ti Bàbá náà. Kò sí ọdún kankan níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó kéré sí Snider náà ní ọgbọ̀n ọdún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó jọ àgbà.

Mo sọ ọ́ fún Bàbá pẹ̀lú ìtìjú, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí mo rí lára ìbọn náà. N kò lè búra pé Snider náà dé Kírìjì. Mo kàn sọ pé òun ni ó lè débẹ̀. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí ọmọ náà gbé e padà sórí àjà, kí ó má ṣe jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ lu ihò kankan sí i lára. Ó bi mí bóyá epo yóò ba irin rẹ̀ jẹ́. Mo ní kò ní bà á jẹ́.