Alábàárìn Tó Nílé: Ohun Tó Yẹ Ká Máa Retí Lára Àwọn Ẹ̀dá Inú Géèmù, Láti Bouaké

Bí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ gbé géèmù ìrìn-àjò tuntun jáde, irú èyí tí ẹni tó ń ta á ti máa ń gbé ìwà akọni kan wọ̀, àwọn alábàárìn akọni náà ni wọ́n sábà máa ń fi polówó. BioWare ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Dragon Age: The Veilguard kò tíì jáde nígbà náà, ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ni yóò tó jáde, àmọ́ àwọn ẹni méje tí yóò bá akọni rìn ti di ẹni tí gbogbo olólùfẹ́ géèmù mọ̀ lórúkọ: Harding, Neve, Bellara, Lucanis, Davrin, Taash àti Emmrich. Wọ́n ń jiyàn lórí wọn kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ àròyé wọn tán. Ta ló rẹwà jù? Ohun ìjà wo ló mú dání? Ṣé a lè fẹ́ ẹ?

Mi ò fojú tín-ínrín ìrètí yẹn. Ẹni tó ń retí alábàárìn ń retí ẹni tí yóò bá òun dá sí ọ̀rọ̀ ayé, ohun ńlá sì ni. Ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò níbí ni pé ìbéèrè tó yẹ ká fi pàdé alábàárìn tuntun kò sí nínú àwọn mẹ́ta yẹn. Ìbéèrè náà ni: ibo ni ilé rẹ, kí ló sì lè mú ọ padà sílé lẹ́yìn mi? Alábàárìn tí kò ní èsì fún ìbéèrè yìí kò yàtọ̀ sí ẹrù tí akọni gbé dání, bó ti wù kí ó rẹwà tó.

Bouaké ni mo ti fẹ́ wo ọ̀rọ̀ náà, ó sì nídìí. Ìlú Baoulé ni, ní àárín gbùngbùn Côte d'Ivoire. Ojú irin láti Àbíjàn dé ibẹ̀ ní ọdún 1912, àwọn oníṣòwò sì bá ojú irin dé láti ọ̀nà jíjìn. Yorùbá wà lára wọn, àwọn tí ará ibẹ̀ ń pè ní Anango, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn láti Èjìgbò, Ogbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú àyíká wọn. Ọmọ Anango tí wọ́n bí sí Bouaké lè fi èdè Jula nájà, kó fi Faransé kàwé, kó fi Baoulé bá aládùúgbò ṣeré, kó sì dé ilé kó kí bàbá rẹ̀ ní Yorùbá. Ìran méjì, Baoulé àti Yorùbá, ló pàdé nínú ìlú yìí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ronú jinlẹ̀ lórí ẹni tí ń báni rìn, tipẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó dé.

Ti Yorùbá wà nínú ẹsẹ Ifá kan tó jẹ́ ti Ògúndá Méjì. Ọ̀rúnmìlà pe àwọn òrìṣà jọ, ó bi wọ́n léèrè pé ta ni nínú wọn tó lè bá olùsìn rẹ̀ rìnrìn-àjò jíjìn ré kọjá òkun láì padà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣàngó ló kọ́kọ́ fèsì pé òun lè ṣe é. Wọ́n ní, bó bá rìn títí tó dé Kòso, ilé bàbá rẹ̀ ńkọ́, tí wọ́n se gbẹ̀gìrì, tí wọ́n ro àmàlà, tí wọ́n fún un ní orógbó àti àkùkọ adìẹ? Ṣàngó ní bí òun bá ti yó tán, òun yóò padà sí ilé òun. Wọ́n ní kò lè bá a dé òkun nìyẹn. Ògún náà sọ pé òun lè lọ. Wọ́n bi í léèrè Ìrè, ẹ̀wà àti ajá tí wọn yóò fi ṣe é lálejò, òun náà gbà pé òun yóò padà. Báyìí ni wọ́n ń kọjá lọ láti orí òrìṣà kan dé òmíràn, ó sì kan Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀. Orí nìkan ló kù ní ìgbẹ̀yìn, Orí nìkan ni kì í padà lẹ́yìn ẹni.

Àwọn onímọ̀ sábà máa ń fi ẹsẹ yìí ṣàlàyé bí Orí ṣe ju òrìṣà lọ, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó láti apá kejì. Kò sí òrìṣà kan tí wọ́n bá wí nínú ìtàn náà pé ó padà. Kò sẹ́ni tó pe Ṣàngó ní ọ̀dàlẹ̀. Ilé tó ní ló jẹ́ kó jẹ́ Ṣàngó: orúkọ ìlú kan, oúnjẹ kan, àwọn ènìyàn tó mọ ohun tó ń jẹ. Bí a bá sì gbé e sínú géèmù, ipò tó ṣe kedere ló fún wa. Ẹni tó di ẹ̀rọ mú lọ́wọ́ ni Orí. Òun nìkan ló di dandan fún láti dé òpin ìrìn-àjò. Gbogbo àwọn yòókù gbọ́dọ̀ ní Kòso tiwọn.

Ti Baoulé gba ọ̀nà mìíràn. Lójú wọn, kí ènìyàn tó wá sáyé ló ti ní ọkọ tàbí aya níbi tí wọ́n ń pè ní blolo, ìyẹn ayé kejì tí a ti wá. Aya ibẹ̀ ni blolo bla, ọkọ ibẹ̀ ni blolo bian. Ènìyàn lè gbé títí kó má ronú kàn án. Nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ bá ń dàrú, tí ọmọ kò wá, tí àlá rẹ̀ kò dára, ló máa tọ aláyẹ̀wò lọ, a sì lè sọ fún un níbẹ̀ pé ẹnì kejì rẹ̀ ní blolo ló ń bínú pé ó gbàgbé òun. Wọn a ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ ère rẹ̀. Wọn kì í gbẹ́ ère yìí bákan ṣá: irun rẹ̀ á dì dáadáa, ọrùn rẹ̀ á gùn, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ á le, ojú rẹ̀ á tutù bí ojú ẹni tó mọ iyì ara rẹ̀. Ẹni tó ni ín á gbé e sínú yàrá tó ń sùn, á máa fi òróró pa á lára, á máa gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á sì ya òru kan sọ́tọ̀ fún un láàárín ọ̀sẹ̀. Lóru ọjọ́ náà, aya tàbí ọkọ tó wà láyé kò ní sùn tì í.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí òru kan yẹn. Ẹwà wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìfẹ́ wà níbẹ̀, àní ìbálòpọ̀ wà níbẹ̀, ìyẹn gbogbo ohun tí àwọn tó ń retí alábàárìn inú géèmù ń béèrè. Síbẹ̀ ẹ̀tọ́ ló ṣáájú. Blolo bla kò rẹwà kí ó lè wu ọkọ rẹ̀ nìkan. A gbẹ́ ẹ lẹ́wà nítorí pé ẹwà tọ́ sí i, nítorí pé gbèsè ni. Ẹ̀bùn tí a ń fún un kò ra ìfẹ́ rẹ̀. Ó ti jẹ́ aya kí ọkùnrin náà tó lójú.

Ẹ wá fi wé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ẹ̀rọ. Nínú Dragon Age: Origins tó jáde ní ọdún 2009, alábàárìn kọ̀ọ̀kan ní òṣùwọ̀n tó ń sọ bó ṣe fẹ́ràn rẹ tó. Sọ ohun tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, òṣùwọ̀n á gòkè. Bí i nínú, á já wálẹ̀. Tún wá a lọ pẹ̀lú ẹ̀bùn tó bá ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ mu, gbogbo ìbínú àná lè di ohun ìgbàgbé. Ọjà nìyẹn, ẹni tó bá sì lówó lọ́wọ́ ló ń jèrè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà, nínú géèmù yìí kan náà ni àwọn ibi wà tí owó kò dé. Bí o bá ba eérú mímọ́ tí Leliana àti Wynne, méjì nínú àwọn alábàárìn náà, gbà gbọ́ jẹ́, wọn yóò dojú ìjà kọ ọ́ bí wọ́n bá wà níbẹ̀. Bí o bá dá Loghain sí, ẹni tó fi àwọn jagunjagun Grey Warden sílẹ̀ kí ọ̀tá pa wọ́n, Alistair, alábàárìn mìíràn, á kúrò lẹ́yìn rẹ. Àwọn tó ta géèmù yẹn ní ọdún wọ̀nyẹn kò gbàgbé Alistair, mo sì gbà pé ọjọ́ tó lọ wà lára ìdí rẹ̀.

Baldur's Gate 3, tí Larian ti ilẹ̀ Belgium gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, mọ èyí dunjú. Àwọn asásàálà ìran tiefling fara pamọ́ sí Emerald Grove. Bí o bá bá àwọn goblin dìmọ̀ láti pa wọ́n, alábàárìn rẹ Wyll á kọ̀ ọ́ sílẹ̀, Karlach náà á kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Tiefling ni Karlach fúnra rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ta sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Karlach tún jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ oníná ni wọ́n fi rọ́pò ọkàn rẹ̀ ní Avernus, ọ̀run àpáàdì tí wọ́n ti lò ó bí ọmọ ogun. Ẹ̀rọ náà kò sì lè pẹ́ láyé kó má jó o pa. Gbogbo ìgbà tó ń rẹ́rìn-ín nínú ibùdó, Avernus ń pè é. Kòso tirẹ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oró ni wọ́n ń sè níbẹ̀ dípò gbẹ̀gìrì. Láàárín gbogbo alábàárìn tí géèmù ti fún wa láti ogún ọdún wá, òun ni mo rí pé ó sún mọ́ ìmọ̀ ẹsẹ Ifá yẹn jù.

The Veilguard kò gbé e dé ibẹ̀. Àwọn méje tí a ti ń retí láti oṣù kẹfà ní ìlú, wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n sì ní ìtàn. Akọni gbọ́dọ̀ yan ìlú kan láti gbà sílẹ̀ nínú ti Neve àti ti Lucanis, ẹni tí ìlú rẹ̀ bàjẹ́ á sì le sí i. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn yóò ṣì máa bá ọ lọ. Bí àwọn méjì bá ń jà, ọ̀rọ̀ díẹ̀ láti ẹnu akọni á parí ìjà náà. Ikú lè mú ẹnì kan lọ ní ìparí, àmọ́ ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín kí alábàárìn kú mọ́ ọ lọ́wọ́ àti kó sọ fún ọ pé òun kò lọ mọ́.

Ẹnì kan lè ní mo ń béèrè ohun tó le jù lọ́wọ́ eré. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta géèmù wọ̀nyí ló dá wà, ní yàrá wọn, lóru. Bí wọ́n bá fẹ́ alábàárìn tí kò ní já wọn sílẹ̀, kí ló burú? Ìbéèrè náà tọ́, kò sì yẹ ká fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ibi tí Baoulé ti wúlò jù nìyí. Blolo bian kì í já aya rẹ̀ sílẹ̀ rárá. Láti ọ̀run ló ti wà pẹ̀lú rẹ̀, á sì wà títí. Síbẹ̀ ó ń béèrè òru rẹ̀, ó sì ń bínú bí a kò bá fún un. Ẹni tó dá wà lè ní alábàárìn tí kì í lọ, tí òun náà sì ń béèrè nǹkan. Alábàárìn tó ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ tí kò béèrè ohunkóhun padà ló máa ń fi ẹni tó dá wà sílẹ̀ ní dídáwà bó ṣe bá a.

Àwọn òǹkọ̀wé wa náà ti mọ̀ ọ́n. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní ọdún 1938, Àkàrà-ògùn, akọni ìwé náà, kò dá lọ sí Òkè Láńgbòdó. Kàkó oníkùmọ̀ ekùn bá a lọ, Ìmọ̀dóyé bá a lọ, Ọlọ́hun-iyọ̀ akọrin àti Ẹfòyè tafàtafà bá a lọ. Ọ̀dọ́ tó bá ti ta géèmù rí yóò mọ irú ẹgbẹ́ yìí lójú ẹsẹ̀. Ohun tó máa ń dà mí láàmú ni Kàkó. Aya rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn pé kó má lọ, ó sì pa á kó lè lọ. Fágúnwà kò fi ibẹ̀ pamọ́. Ilé tí Kàkó ìbá padà sí ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó, bẹ́ẹ̀ ni òǹkàwé tó bá lójú àánú kò ní gbádùn ìwà akínkanjú rẹ̀ lójú ogun bó ṣe ń gbádùn ti àwọn yòókù.

Ilẹ̀ Adúláwọ̀ ti fi géèmù tirẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Kiro'o Games ti Yaoundé ní Cameroon, tí Madiba Olivier dá sílẹ̀, gbé Aurion: Legacy of the Kori-Odan jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2016. Lọ́jọ́ ìwúyè àti ìgbéyàwó Enzo, akọni géèmù náà, ni wọ́n fi ọ̀tẹ̀ gba ìjọba Zama mọ́ ọn lọ́wọ́, Ngarba Evou, àna rẹ̀, ló sì ṣe é. Erine Evou, ìyàwó tuntun náà, bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ìgbèkùn. Aya ni alábàárìn, agbo ilé tirẹ̀ ló sì lé wọn jáde! N kò rò pé wọ́n tíì jẹ ọ̀rọ̀ yẹn dé egungun nínú géèmù náà. Orúkọ ìdílé Enzo ló wà lára àkọlé, ohùn rẹ̀ ló sì gbilẹ̀ jù. Bí irú Erine mìíràn bá ń bọ̀, mo fẹ́ kí ọjọ́ kan dé tí yóò jókòó sí oríta, tí ẹni tó di ẹ̀rọ mú kò ní mọ ọ̀nà tí yóò gbà.

Ará Bouaké kò nílò kí ẹ̀rọ kọ́ ọ ní irú oríta bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002 ni ọ̀tẹ̀ bẹ́, Bouaké sì di ìlú àwọn Forces Nouvelles, ìyẹn àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà. Ọdún 2007 ni wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní Ouagadougou. Nínú àwọn Anango, àwọn kan kó ẹrù, wọ́n gba Èjìgbò lọ. Àwọn kan ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n sì dúró. N kò mọ ẹni tó láṣẹ láti sọ pé èwo nínú àwọn méjèèjì ló jẹ́ olóòótọ́ sí Bouaké.

Nítorí náà, bí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ géèmù ní Àbíjàn, ní Èkó tàbí ní Yaoundé bá ń wá alábàárìn tuntun, mo ní ẹnì kan láti dábàá fún wọn: ìyá oníṣòwò kan, ọmọ Èjìgbò, tó ti pẹ́ ní ọjà Bouaké. Èdè mẹ́rin ló gbọ́, òun ni yóò máa bá akọni sọ̀rọ̀ ní gbogbo ẹnubodè. Kí ó mọ iye ohun gbogbo, kí ó má sì gba ẹ̀bùn lásán lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí ó má baà jẹ gbèsè tí kò mọ òpin rẹ̀. Bí ọdún Ògìyán bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí apá méjèèjì ìlú Èjìgbò ń múra láti na ara wọn ní àtòrì, kí ó di ẹrù rẹ̀, ibi yòówù kí ìtàn dé, bí dragoni tilẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí géèmù má fún akọni ní ọ̀rọ̀ kankan tó lè fi dá a dúró. Kí ó fún un ní ohun méjì péré láti yàn: kó dúró dè é títí ọdún yóò fi parí, tàbí kó bá a lọ sí Èjìgbò.