Ẹni Tó Béèrè Ọ̀nà, Ta Ló Dá A Lóhùn?

"Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà." Orí ẹni tó ń béèrè ni òwe yìí gbé ẹrù lé: kó má tijú, kó lanu. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀ tí a kò dárúkọ, ìyẹn ẹni tí a bi. Ní Ọ̀wọ̀, níbi tí ọ̀nà Àkúrẹ́, ọ̀nà Ìkàrẹ́ àti ọ̀nà Ìfọ́n tó lọ sí Benin ti pàdé, ẹni tó bá júwe ọ̀nà Ìkàrẹ́ fún èrò Ìfọ́n ti ṣi abéèrè lọ́nà. Nítorí náà, ohun tí ọmọ ìlú kọ́kọ́ máa ń bi àlejò ni pé, "Ibo lẹ̀ ń lọ?"

Ìbéèrè yẹn ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà kì í bi ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká mú Tk, àkójọ irinṣẹ́ tí John Ousterhout bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley ní ìparí àwọn ọdún 1980, tí a fi ń ṣe fèrèsé, bọ́tìnnì àti àpótí ìkọ̀wé sójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni, gbangba sì ni kóòdù rẹ̀ wà. Bí èèyàn bá fi èdè kọ̀ǹpútà Python sórí Windows, Tkinter, tó so Python mọ́ Tk, máa ń bá a wọlé.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Rufus Giwa Polytechnic l'Ọ̀wọ̀ fẹ́ ṣe ètò tí oníṣòwò kòkó n'Ìfọ́n yóò fi máa ṣírò owó àpò. Ó ṣe bọ́tìnnì, ó kọ command=siro() sí i. Bí fèrèsé ṣe ń ṣí báyìí ni ìṣírò ti ṣe ara rẹ̀ tán. Nígbà tó wá tẹ bọ́tìnnì, kò rí nǹkan kan. Àmì àkámọ́ méjì yẹn ló fà á: wọ́n ń sọ fún Python pé kó ṣe iṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé orúkọ iṣẹ́ náà nìkan, command=siro, ni bọ́tìnnì ń fẹ́. Ó wá ọ̀rọ̀ lọ sí ojú-ìwé Tkinter. Ojú-ìwé náà ní kó lọ wo ìwé Tk fúnra rẹ̀ fún ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, Tcl, ni wọ́n fi kọ àwọn àpẹẹrẹ inú ìyẹn, òun alára ni yóò sì sọ ọ́ di Python.

Àwọn tó kọ ìwé yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Gbogbo ohun tí bọ́tìnnì lè ṣe ló wà níbẹ̀. Ìwé atọ́ka ni, ẹ̀kọ́ sì ni ọmọ náà ń wá. Daniele Procida ti pín irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí mẹ́rin nínú ètò tó pè ní Diátaxis: ẹ̀kọ́ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ìlànà fún ẹni tó ní iṣẹ́ kan lọ́wọ́, atọ́ka, àti àlàyé ìdí. Mo gbà á tọkàntọkàn, àmọ́ lórí irinṣẹ́ bíi Tk, àwọn abéèrè fúnra wọn yàtọ̀ síra. Oníṣòwò kòkó fẹ́ tẹ bọ́tìnnì ni. Akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ ṣe bọ́tìnnì. Ẹnì kan sì tún wà tó fẹ́ tún Tk gan-an ṣe. Bí yóò ṣe kọ́ kóòdù náà pọ̀, tí yóò dán an wò, tí yóò fi àtúnṣe ránṣẹ́ ló jẹ ẹ́ lógún. Àwọn ará KDE, tí wọ́n ń fi Qt, irinṣẹ́ mìíràn bíi Tk, ṣe ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́, tètè mọ èyí: wọ́n ya ìwé UserBase sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń lo ètò wọn, TechBase fún àwọn tó ń fi irinṣẹ́ wọn kọ ètò, wọ́n sì fún àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé ní tiwọn.

Ohun kan tún wà tó ká mi lára. Ẹni tó ń fi owó kékeré ra dátà ní Ìdóàní kò lè máa ṣí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ìbéèrè. Qt Assistant ń jẹ́ ká ka ìwé Qt láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé Python náà sì ṣeé gbà sílẹ̀ lódindi. Irinṣẹ́ tí kò bá ṣe èyí kò tíì ro tiwa mọ́ tirẹ̀.

Láti 2018 ni Open Source Community Africa ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ wa jọ sídìí iṣẹ́ irinṣẹ́ tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ló rò pé kóòdù nìkan ni iṣẹ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀wọ̀ àti Ìfọ́n, ibi tí irinṣẹ́ kan bá ti dá yín dúró, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú bí ẹ ṣe kọjá rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ín. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú fún àwọn àbúrò yín.